Bí Wọ́n Ṣe Ń Wo Fòníkú-fọ̀ladìde Sàn Lóde Òní

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn láàárín àwọn òbí tí ọmọ wọn ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde: "Ṣé lóòótọ́ ni pé òyìnbó ti rí oògùn rẹ̀?" Lóòótọ́ ni. Ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2023 ni àjọ tó ń mójú tó oògùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tí wọ́n ń pè ní Casgevy. Nígbà tó di ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kiri, bí ẹni pé hóró oògùn kan ni èèyàn máa fi omi gbé mì tí àìsàn á sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èmi kì í ṣe dókítà. Àìsàn náà wà nínú ìdílé wa, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, tí mo kà á, tí mo sì ń bi àwọn tó mọ̀ ọ́n léèrè títí ó fi yé mi. Bó ṣe yé mi ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀jẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa ni himoglóbìn. Òun ló ń gbé afẹ́fẹ́ láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo oríkèé ara, inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ló sì ń gbé. Sẹ́ẹ̀lì tó dáa máa ń rí roboto, ó rọ̀, ó lè fún ara rẹ̀ kọjá nínú iṣan tó tín-ín-rín jù ú lọ. Himoglóbìn ẹni tó jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àìsàn yìí, ò jẹ́ kí tiẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ti já afẹ́fẹ́ tó gbé sílẹ̀ tán, wọn a máa so mọ́ra wọn, wọn a gùn gbọọrọ, wọn a sì fa sẹ́ẹ̀lì tó gbé wọn títí tí yóò fi tẹ̀ kọ́rọ́ bíi dòjé. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti rí báyìí ti le. Bó bá dé ibi tí ọ̀nà ti fún, á há síbẹ̀, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn á tún wá gbá a, ọ̀nà á dí pa. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé, afẹ́fẹ́ ò dé ibẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìrora ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó dáa máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú, àmọ́ èyí tó tẹ̀ bíi dòjé kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Ìyẹn ló fà á tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í tó wọn lára, tí ojú wọn sì máa ń pọ́n.

Ìrora yìí ni wọ́n ń pè ní kíráísìsì. Ẹni tí kò bá rí i rí lè rò pé ara ríro lásán ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tó ti di wúndíá báyìí, kì í tiẹ̀ sunkún bó bá mú un. Á ká ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà, á di etí bẹ́ẹ̀dì mú, á máa mí díẹ̀díẹ̀, nítorí bó bá mí kanlẹ̀, igbá àyà rẹ̀ á tún máa ro ó sí i. Ìyá rẹ̀ á rọ omi gbígbóná sínú ike, á fi aṣọ wé e, á gbé e tì í lẹ́yìn. Ìgbà ọyẹ́ ló máa ń le jù, torí òtútù wà lára ohun tó ń fà á. Àìmumi tó, ibà àti àṣejù iṣẹ́ náà ń fà á.

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn oníṣègùn ti kọ́kọ́ kọ nípa sẹ́ẹ̀lì yìí. Lọ́dún 1910, dókítà James Herrick ní Chicago ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti erékùṣù Grenada. Lọ́dún 1949, Linus Pauling àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn pé inú himoglóbìn ni àléébù náà wà. Ọdún méje lẹ́yìn ìyẹn ni Vernon Ingram rí i pé ibì kan ṣoṣo ló yàtọ̀ nínú rẹ̀. Nínú bílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà tó para pọ̀ di DNA wa, lẹ́tà kan péré ló yí padà tí gbogbo wàhálà yìí fi ṣẹlẹ̀. S ni wọ́n ń pe èyí tó yí padà, A ni wọ́n ń pe èyí tó dáa. Bí ọmọ bá gba S lọ́dọ̀ bàbá nìkan tàbí lọ́dọ̀ ìyá nìkan, AS ni, kò sì sí wàhálà. Bó bá gbà á lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, SS ni. Ẹni tí kò gbà á rárá ni AA.

Ìdí tó fi pọ̀ tó báyìí láàárín wa ni ibà. Lọ́dún 1954, Anthony Allison fi hàn pé ibà ẹ̀fọn kì í lè pa ọmọ tó jẹ́ AS bó ṣe ń pa ọmọ tó jẹ́ AA. Ibi tí ẹ̀fọn bá pọ̀ sí, àwọn AS ló ń yè jù, wọ́n dàgbà, wọ́n bímọ, wọ́n sì ń fi S náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni AS ní Nàìjíríà lónìí, iye ọmọ tí wọ́n ń bí pẹ̀lú àìsàn náà lọ́dọọdún sì tó 150,000 níbi tí wọ́n ṣírò rẹ̀ dé. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn láyé tó tó wa níbẹ̀. Mo máa ń ronú nípa àwọn ọmọ tí àwọn baba wa sọ ní Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́. Ó dá mi lójú pé púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n pè ní àbíkú, tí wọ́n tiẹ̀ tún sá lábẹ lẹ́yìn ikú, àìsàn yìí ló pa wọ́n.

Ohun kan wà tí ìyá tó bí ọmọ SS máa sọ fún yín: láti ọjọ́ ìkómọjáde títí tí ọmọ fi máa tó oṣù mẹ́fà, koko lara ọmọ náà ń le. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á dédé wú ṣùgbẹ̀, tí kò ní jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Lọ́dún 1948, dókítà àwọn ọmọdé kan ní Brooklyn, Janet Watson, ṣàkíyèsí ohun kan náà, ó sì sọ ohun tó rò pé ó fà á. Himoglóbìn tí ọmọ ń lò nínú oyún yàtọ̀ sí ti àgbà. Ti inú oyún yìí kì í so mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá bí ọmọ, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀nà tó ń gbà ṣe é pa díẹ̀díẹ̀, ti àgbà á sì gba ipò rẹ̀. Ọmọ SS gbé oògùn ara rẹ̀ wáyé. Ara ló ti ilẹ̀kùn mọ́ oògùn náà.

Ìbéèrè tó wá kù ni pé kí ló ń ti ilẹ̀kùn náà? Ó di ọdún 2008 kí àwọn onímọ̀ ní Boston, Vijay Sankaran àti Stuart Orkin wà lára wọn, tó fi hàn pé apá kan nínú DNA tí wọ́n ń pè ní BCL11A ló ń ṣe é. Òun ló ń pàṣẹ pé kí ara má ṣe himoglóbìn inú oyún mọ́. Bí wọ́n bá lè pa á lẹ́nu mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀, himoglóbìn inú oyún á padà wá.

Irinṣẹ́ tí wọ́n fi pa á lẹ́nu mọ́ ni wọ́n ń pè ní CRISPR. Ọ̀dọ̀ bakitéríà ni wọ́n ti rí i, torí òun náà ní fáírọ́ọ̀sì tó ń bá a jà, ó sì ní ohun kan nínú ara rẹ̀ tó máa ń dá fáírọ́ọ̀sì náà mọ̀, tó sì ń gé e sí wẹ́wẹ́. Lọ́dún 2012, Emmanuelle Charpentier àti Jennifer Doudna fi hàn pé èèyàn lè darí ohun agégé yìí síbi tó bá wù ú nínú DNA. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ lọ́dún 2020.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí ìtọ́jú náà ṣe ń lọ gan-an, torí ibi tí àṣìgbọ́ pọ̀ sí jù nìyí. Fún bí oṣù méjì, wọ́n á kọ́kọ́ máa fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí aláìsàn lára kí sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ lè dín kù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ tó máa mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀, tó jẹ́ pé inú mùdùnmúdùn eegun ni ibùgbé wọn, jáde bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀rọ kan: ẹ̀jẹ̀ á máa gba ibì kan jáde, á gba inú ẹ̀rọ náà, á sì padà wọlé síbòmíràn lára rẹ̀. Bí ìgbà tí èèyàn ń sẹ́ ògì ló rí. Ẹ̀rọ náà á mú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń wá, á dá ìyókù padà. Wákàtí mélòó kan ni lóòjọ́, ó sì lè gbà ju ọjọ́ kan lọ. Àwọn míì wà tó jẹ́ pé wọ́n ní láti padà wá lẹ́ẹ̀kejì tàbí lẹ́ẹ̀kẹta, nítorí ohun tí wọ́n rí sẹ́ ò tó.

Wọ́n á kó àwọn sẹ́ẹ̀lì náà lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti fi iná mànàmáná díẹ̀ ta wọ́n kí ara wọn lè là, kí CRISPR ráyè wọlé, kó sì gé ibi tí BCL11A ti ń gba àṣẹ. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, wọ́n á gbé e sínú yìnyín tó tutù ju èyí tó wà nínú fíríìjì wa lọ fíìfíì, wọ́n á sì dá a padà sí ọsibítù. Oṣù mẹ́fà lè kọjá kí èyí tó parí.

Ibi tó le kàn. Kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun tó lè ráyè gbé inú eegun, àwọn ti àtijọ́ gbọ́dọ̀ kúrò. Oògùn líle kan tó ń jẹ́ busulfan, irú èyí tí wọ́n ń lò fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n fi ń lé wọn jáde. Irun á re, ẹnu á bó, oúnjẹ ò ní ṣeé jẹ, kò sì ní sí ohun tó máa gbèjà ara lọ́wọ́ àrùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá da àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti tún ṣe padà sínú iṣan rẹ̀. Ìyẹn kì í pẹ́ rárá. Wọ́n á máa ṣọ́ ọ nínú yàrá tó dá wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, títí tí eegun á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bí ẹ̀jẹ̀ tuntun. Busulfan yìí kan náà lè má jẹ́ kí èèyàn bímọ mọ́. Fún àwa Yorùbá, tó jẹ́ pé ọmọ la fi ń gbàdúrà fún ìyàwó tuntun, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn, mi ò sì gbọ́ kí wọ́n mẹ́nu kàn án nínú gbogbo àríyá tí wọ́n ń ṣe lórí ìròyìn náà. Ó yẹ kí wọ́n ti gba ẹyin obìnrin tàbí àtọ̀ ọkùnrin pamọ́ sínú yìnyín kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, owó ọ̀tọ̀ sì ni.

Ó ṣiṣẹ́. Victoria Gray, obìnrin kan láti Mississippi, ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní àìsàn yìí tí wọ́n fi CRISPR tọ́jú ní Amẹ́ríkà. Ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é fún un, ó sì ti bọ́ lọ́wọ́ kíráísìsì tó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti kékeré. Jimi Olaghere, tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Atlanta, wà lára àwọn tó tẹ̀ lé e. Nínú èèyàn 31 tí wọ́n ti ṣọ́ pẹ́ tó nígbà tí Amẹ́ríkà fẹ́ fọwọ́ sí i, 29 ni kò ní kíráísìsì líle kankan fún oṣù méjìlá gbáko, ó kéré tán. Àwọn tó jẹ́ pé gbogbo ọdún ni wọ́n ń dùbúlẹ̀ ní ọsibítù tẹ́lẹ̀ nìyẹn o. Bí mo ṣe kà á, omi bọ́ lójú mi.

Ohun méjì ló yẹ kéèyàn mọ̀ dájú síbẹ̀. Èkíní ni pé wọn ò tún lẹ́tà tó yí padà yẹn ṣe. Ó ṣì wà níbẹ̀. Himoglóbìn inú oyún ló kàn wá pọ̀ débi pé S ò ráyè ṣe ibi mọ́. Ìkejì ni pé inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, wọn ò fọwọ́ kan ẹyin tàbí àtọ̀. Ẹni tí wọ́n ti wò sàn ṣì máa fún gbogbo ọmọ tó bá bí ní S kọ̀ọ̀kan. Bó bá fẹ́ AS tàbí SS, ó lè bí ọmọ tó máa jìyà ohun tí òun bọ́ nínú rẹ̀. Kò sí ìtọ́jú tó tíì mú ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù kúrò láàárín àwọn tó fẹ́ fẹ́ ara wọn.

Iye tí wọ́n pè é ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan. Ní Gẹ̀ẹ́sì, iye tí wọ́n kọ sí i lórí jẹ́ mílíọ̀nù 1.65 pọ́n-ùn, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ni ètò ìlera ìjọba níbẹ̀ gbà láti máa san án fún àwọn aláìsàn tí ó bá tọ́ sí. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Peckham tàbí Manchester, tí àìsàn náà bá wà lára ọmọ wọn, ẹ bi dókítà yín léèrè. Ní ti ilé níbí, ká má tan ara wa, ọwọ́ wa ò tíì tó o. Ìtọ́jú mìíràn tó lè wò ó sàn, ìyẹn kí wọ́n gba mùdùnmúdùn eegun lára ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ẹ̀jẹ̀ wọn bára mu, wọ́n ti ṣe é rí nílé ìwòsàn Yunifásítì Benin lọ́dún 2011. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ ìdílé lọ, kì í sì í ṣe gbogbo aláìsàn ló ní ọmọ ìyá tí ẹ̀jẹ̀ wọn bára mu.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwa náà dá sí ìmọ̀ yìí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ àgbáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap lọ́dún 2002, láti mọ ibi tí DNA èèyàn ti yàtọ̀ síra, ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn 270 ni wọ́n kọ́kọ́ lò, 90 nínú wọn jẹ́ Yorùbá láti Ìbàdàn: ọgbọ̀n bàbá, ọgbọ̀n ìyá, ọgbọ̀n ọmọ. Títí di òní, ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn yìí ni wọ́n ṣì ń wò káàkiri ayé bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí DNA ọmọ Áfíríkà ṣe rí. Ṣáájú ìyẹn, lọ́dún 1971, àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ kéde pé omi gbòǹgbò igi orin àta tí à ń rin lẹ́nu lè dá sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Ẹni Ọ̀wọ̀ Paul Ogunyale sì gbé àgbo kan fún àwọn onímọ̀ oògùn ìjọba ní Abuja. Ìyeré, igi osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n dán an wò lára èèyàn, ó dín kíráísìsì kù, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan gba àṣẹ láti máa ṣe é, wọ́n sì gbé e jáde fún títà lọ́dún 2006. Nígbà tó fi máa di 2008, gbèsè ti wó ilé iṣẹ́ náà. Oògùn tí ọmọ Yorùbá mú wá kú nítorí owó, kò kú nítorí pé kò ṣiṣẹ́, mi ò sì rí ìjọba kankan tó ká lára tó bó ṣe yẹ.

Nígbà tí à ń retí kí CRISPR di ohun tí ọwọ́ wa lè tó, nǹkan wà nílẹ̀ tí ọwọ́ wa tó. Ìtọ́jú ọmọ SS bẹ̀rẹ̀ láti gìgísẹ̀. Wọ́n á gún gìgísẹ̀ ọmọ tuntun, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan péré á kán sórí ìwé àyẹ̀wò kékeré, kí ìyá tó fún ọmọ lọ́mú tán, èsì á ti jáde bóyá AA ni, AS tàbí SS. Ọmọ tí wọ́n bá mọ̀ pé SS ni láti ọjọ́ náà, wọ́n á máa fún un ní pẹnisílíìnì lójoojúmọ́ títí tó fi máa pé ọmọ ọdún márùn-ún, nítorí ọlọ́ inú rẹ̀ ò lágbára láti gbógun ti kòkòrò àrùn. Á gba abẹ́rẹ́ àjẹsára òtútù àyà, á máa lo oògùn tí kò ní jẹ́ kí ibà mú un, pẹ̀lú fólíìkì. Àìsí nǹkan wọ̀nyí ló ń pa àwọn ọmọ wa kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún, kì í ṣe àìsí CRISPR.

Oògùn kejì ni hydroxyurea. Ohun tí CRISPR ń fi mílíọ̀nù dọ́là ṣe, kápúsù yìí ń ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀: ó ń mú kí ara tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe himoglóbìn inú oyún. Láti 1998 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún àgbà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn ọmọdé ní Àǹgólà, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019, fi hàn pé ó dín ìrora, ibà àti ikú kù. Ní Kano àti Kàdúná, wọ́n lò ó fún àwọn ọmọ tí ẹ̀rọ ti fi hàn pé rọpárọsẹ̀ ń bọ̀ wá kọ lù, wọ́n sì rí i pé ìwọ̀n kékeré pàápàá ń dáàbò bò wọ́n. Wọ́n ń ṣe oògùn náà ní Áwẹ́, nípìnlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí. Síbẹ̀, mo mọ àwọn ìdílé tó jẹ́ pé dókítà ò dárúkọ rẹ̀ fún wọn rí. Kò yẹ kéèyàn dá a rà lò o. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò déédéé, aláboyún tàbí ẹni tó fẹ́ lóyún sì gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìrora kù. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì kan sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ìwọ náà ṣáà fẹ́ràn abẹ́rẹ́ yìí." Ọmọ náà ò dá a lóhùn, torí kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà wa, mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín pọ̀, mo sì mọ̀ pé oògùn ìrora wà tó ń di bárakú. Àmọ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ò dé eegun rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́tàn. Ẹ kọ́kọ́ fún un lóògùn ìrora náà, ẹ bi í ní ìbéèrè lẹ́yìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣègbéyàwó, ẹ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù yín ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí àṣìṣe pọ̀ nínú èsì tí wọ́n ń fún èèyàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ ní kí wọ́n gún gìgísẹ̀ ọmọ yín kẹ́ ẹ tó gbé e kúrò ní ọsibítù. Ẹ̀yin aṣòfin wa láti Ẹ̀kó títí dé Èkìtì, ẹ sọ àyẹ̀wò yìí di ọ̀fẹ́ àti dandan fún gbogbo ọmọ tuntun, kẹ́ ẹ sì máa pín pẹnisílíìnì àti hydroxyurea lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé.